Eré Tó Lè Gbé Bàlúù Délé

Saskatoon, Kánádà
11 Oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara le? Ṣé òjò ò tíì wọ yàrá yín bó ṣe wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá? Kíkẹ́ sọ fún mi pé etí òsì yín náà ti ń di báyìí, pé tí òun bá bá yín sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohun tí òun ò bèèrè lẹ máa ń dáhùn. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo ní kó máa sọ bí ara yín ṣe rí fún mi. Mo dúpẹ́ pé irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ wà nílé yín. Bí ẹ ò tiẹ̀ lè gbọ́ mi lórí fóònù mọ́, ó ń ya àwòrán lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi, ó sì ń lọ tẹ tèmi ní lẹ́tà gàdàgbà ní Sábó kí ẹ lè rí i kà. Mo ti ra ẹ̀rọ etí tuntun fún yín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ wálé ni màá fi rán.

Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti bẹ̀ yín kẹ́yìn.

Ẹ rántí Theophilus, ọmọ Màmá Theo aránṣọ ní Muṣin, tí ẹ kọ́ ní ìṣirò pẹ̀lú mi ní kíláàsì kan náà? Ìlú yìí lòun náà wà. Èmi àti ẹ̀ ti jọ ra bàlúù kékeré kan tó ń gba ènìyàn méjì. Òyìnbó arúgbó kan ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ kàn án nínú gáréèjì ilé ẹ̀. Ó kú, àwọn ọmọ ẹ̀ sì tà á fún wa. Bàlúù tó bá ti ilé iṣẹ́ wá máa ń ní ìwé tó ń sọ gbogbo ìwà ẹ̀. Eléyìí ò ní. Àwa fúnra wa la máa wádìí ẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù nìyí. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lókè, bàlúù kì í já lulẹ̀ bí òkúta. Ó máa ń rá bàbà bí àwòdì. Ṣùgbọ́n eré kan wà tó gbọ́dọ̀ máa sá, tó fi máa lè rìn jìnnà jù lọ kó tó kan ilẹ̀. Tó bá rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní dé ibi tó ń lọ. Tó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ náà, kò ní dé. Eré yẹn la ń wá.

Ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, a gòkè, a dín agbára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá, a sì di eré kan ṣoṣo mú bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Theo ń wo agogo láti mọ bó ṣe pẹ́ tó kí a tó fi ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà sọ̀ kalẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti 50 máìlì ní wákàtí kan, a sì ń fi márùn-ún márùn-ún lé e títí dé 80. Gbogbo iye tí a rí ni mo kọ sí ojú ìwé kejì.

Theo ló ní, "Jẹ́ ká fún Tíṣà. Tíṣà kì í ṣi ìṣirò ṣe." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi àti ìṣirò ò rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é.

Ọmọ yín,
Ṣùbòmí


Súrùlérè, Èkó
25 Oṣù Kẹjọ, 2024

Ṣùbòmí ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé èmi lo kọ ọ́ sí. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, "Ẹ kú ọdún, ara mi le" lásán ni mo ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Ara mi le níwọ̀nba. Òjò ti wọ yàrá. Kíkẹ́ kò mọ ẹnu pa mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni.

Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ bàlúù náà kọ́kọ́ bí mi nínú. Obìnrin tó ti pé ẹni ogójì ọdún, tí kò nílé, tí kò lọ́kọ, ló lọ ra bàlúù òkú! Mo ti kọ odindi ojú ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti fà á ya. Ẹni tó fi pàṣán lé ọmọ rẹ̀ jìnnà kò lẹ́nu láti bi í pé kí ló ń ṣe níbi tó sá dé.

Ìṣirò náà dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tó le ju ìgbà tí iná máa dé lọ. Mo gbé iye yín kalẹ̀ sórí tábìlì, mo sì ti rí ìdáhùn kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó tutù.

Ìdáhùn rẹ̀ ni 55. Ní eré yìí ni bàlúù yín ti pẹ́ jù lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Àwọn eré yòókù, ìbáà rọra jù ú, ìbáà yára jù ú, kò sí èyí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ fà á sí 55, kí ẹ sì dì í mú. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù tì yín sáré. Ẹni tí kò bá tètè kan ilẹ̀ ni orí rẹ̀ ń ráyè ṣiṣẹ́. Sọ fún Theophilus pé Tíṣà ní kó dì í mú.

Mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé ọ̀tọ̀, mo sì fọwọ́ sí i, kí ẹ lè fi í síbi tí ojú yín ti máa tó o.

Mo mọ̀ pé mo le mọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn pé èmi lo bi.

Bàbá rẹ,
J. A. Ọlánípẹ̀kun


Saskatoon
8 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú làálàá. Ọlọ́run á jẹ́ kí orí yín máa jí pépé bẹ́ẹ̀.

Inú Theo dùn ju tèmi lọ. Ó tẹ ìwé tí ẹ kọ gàdàgbà yẹn jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé tí a ń gbé bàlúù sí, ó sì pe gbogbo òyìnbó tó wà níbẹ̀ kí wọ́n wá wo ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà òun. Kí n tó mọ̀, ó ti gbé ọ̀dà pupa, ó kọ 55 sí ẹ̀gbẹ́ agogo tó ń sọ eré bàlúù. Mo ní, "Theo, ṣé o ò ní kọ́kọ́ dúró ná?" Ó ní, "Dúró kí ni? Ìwọ ọmọ wọn lo tún ń bá bàbá ẹ du ìṣirò? Ṣé o ti gbàgbé bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń mú wa gùn ni?" Ẹ̀rín pa wá. Ó ní kí n kí yín o. Ó ní títí dòní, tí òun bá gbọ́ tí ẹnìkan fi ẹfun ha pátákó, ẹ̀yìn òun á bẹ̀rẹ̀ sí í yún òun.

Ní ti ojú ìwé tí ẹ fà ya, ẹ ṣeun tí ẹ fà á ya. Ẹ sì tún ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ṣe é fún wa, Bàbá.

Ṣùbòmí


Súrùlérè
3 Oṣù Kẹwàá, 2024

Ṣùbòmí,

Báwo ni òtútù? Mo gbọ́ pé ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹgbẹ́ àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ìpàdé ní Yaba lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò lọ. Ibà mú mi.

Mo tún iye tí ẹ fi ránṣẹ́ wò. Ó dà bí ẹni pé ẹ kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Àwọn kan nínú wọn kò bá ara wọn lọ. Ṣé ẹni tó ń wo agogo kò sùn lọ? Ṣé ó dá yín lójú pé afẹ́fẹ́ kò fẹ́? Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọ pé ẹni tí kò bá fi sùúrù wọn nǹkan, kò sí ìṣirò tó lè gbà á. Ìwọ ni mò ń bá wí, kì í ṣe Theophilus. Mo mọ bí o ṣe máa ń kánjú. Kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé iye kankan, kí o sì tún fi ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀rọ etí tí o sọ kò tíì dé.

Bàbá rẹ


Súrùlérè
10 Oṣù Kọkànlá, 2024

Ṣùbòmí,

O kò fèsì. Mo bi Kíkẹ́ bóyá fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó fi àmì méjì hàn mí, ó ní wọ́n ti di búlúù, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti kà á. Mo ní ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ pọ̀ fún ọ. Ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ èmi lẹ kọ irú ẹ̀ sí, èmi náà ò ní dáhùn." Bí ayálégbé ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀ lóde òní nìyẹn.

Bàbá ni mo jẹ́. Bí mo bá bá ọ wí, ó yẹ kí o dáhùn, kódà kó jẹ́ láti bá mi jà. Ìyá rẹ ló máa ń túmọ̀ mi fún ọ, ó sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Bí ẹ kò bá tíì tún un wọ̀n, ẹ má ṣe gbé bàlúù náà jáde. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí náà kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ sínú lẹ́tà tí ojú ẹlòmíràn máa kọ́kọ́ kàn. Ṣáà ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe.

Mò ń retí rẹ.

Bàbá rẹ


Súrùlérè
15 Oṣù Kejìlá, 2024

Ṣùbòmí,

55 kì í ṣe ìdáhùn. 70 ni. Kí ẹ pa 55 rẹ́ lára bàlúù náà lónìí, kí o tó ka ìyókù.

O bi mí ní eré tó máa gbé bàlúù jìnnà jù. Èyí tó máa mú un pẹ́ jù lókè ni mo fi dá ọ lóhùn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ènìyàn lè rọra rìn títí kó pẹ́ lójú ọ̀nà, kó má sì dé ibì kankan. Ní 70, bàlúù yín á yá kan ilẹ̀ díẹ̀ ju ti 55 lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó máa gbà kọjá pọ̀ jù ú lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá wá ń fẹ́ bọ̀ wá pàdé rẹ̀, 55 burú ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n fi eré kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po àkókò rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kẹta á ṣe é. Èmi kò ṣe é. Mo ti rí iye àkókò tó tóbi jù, mo sì ti ń yọ̀ pé ọmọ mi bi mí ní nǹkan.

Ìgbà tí mo fẹ́ lọ fi ọ́ yangàn níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo rí i. Mo ra páálí funfun ní Sábó, mo ń ya ìlà rẹ̀ gàdàgbà kí gbogbo wọn lè rí i, àṣìṣe náà sì yọjú sí mi. Ibà kankan kò mú mi. Ojú ló tì mí tí n kò fi lọ sí ìpàdé. Mo wá jókòó kọ lẹ́tà oṣù kẹwàá sí ọ. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe iye yín. Èrò mi ni pé bí ẹ bá tún un wọ̀n, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó sì fún yín ní 70 bí ẹni pé òun ni mo ti ń sọ tẹ́lẹ̀.

O mọ ìwà yìí. Nítorí rẹ̀ lo ṣe gun bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí ìdáhùn rẹ yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ sí pátákó. Ìwọ lo tọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo ti rí i pé ìwọ lo tọ̀nà kí n tó nà ọ́. Gbogbo kíláàsì ló ń wò mí, n kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òun ṣe àṣìṣe kí ojú rẹ̀ má wálẹ̀. N kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Mò ń kọ́ ọ lórí lẹ́tà yìí.

Kíkẹ́ ní òun kò ní ya àwòrán rẹ̀ bí mo bá tún bá ọ jà nínú rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ kà á. Ó kà á, ó sì yà á.

Má dá mi lóhùn bí inú bá ṣì ń bí ọ. Ṣáà jẹ́ kí Kíkẹ́ gbọ́ pé ẹ ti pa á rẹ́.

Bàbá rẹ


Saskatoon
29 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín.

Theo ti kú. Ọjọ́ keje oṣù yìí ni, ọjọ́ Sátidé. Mo wà níbi iṣẹ́. Oòrùn ràn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun kàn fẹ́ gbé e fò yí pápá ká. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n ní yìnyín ló dí ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ wá pàdé ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú bàlúù náà tó ń gba ìrìn ẹ̀ sílẹ̀. Ó fi hàn pé Theo fà á sí 55, ó sì dì í mú. Kò yẹ̀ rárá títí tó fi kan àwọn igi tó wà létí pápá. Ó kù díẹ̀ kó dé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lẹ́tà yín wọlé.

Ẹ má tíì gbé gbogbo ẹ̀ lérí, nítorí ọ̀rọ̀ mi ṣì kù. Mo mọ̀ pé 70 ni. Mo ti ṣe ìṣirò náà kí n tó kọ̀wé sí yín. Irọ́ ni mo pa pé èmi àti ìṣirò ò rẹ́. Mo kàn fẹ́ ká ní ohun kan tí a jọ máa sọ, tí kò ní dun ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí ẹ kọ 55, mo ní màá rọra sọ fún Theo. Ṣùgbọ́n ìwé yín ti wà lára ògiri, Theo sì ń fi yín yangàn fún àwọn àlejò. Báwo ni mo ṣe máa gbé bírò, kí n fa ìlà sórí ohun tí bàbá mi fọwọ́ sí? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Mo ní ó di ẹ̀yìn òtútù, màá wá ọgbọ́n kan dá. Lẹ́tà oṣù kẹwàá wá dé, mi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ yín mọ́. Èyí tí ẹ kọ ní oṣù kọkànlá, mo kà á bí àṣẹ lásán. Theo bi mí pé kí ni Tíṣà wí. Mo ní ẹ kí i.

Màmá Theo ò tíì gbọ́. Bùọ̀dá Solomon, àbúrò bàbá Theo, ní a kì í fi fóònù sọ irú ẹ̀ fún ìyá. Wọ́n ní ká jẹ́ kí ọdún kọjá, kí àgbà kan bá àwọn lọ túfọ̀, pé ẹ̀yin ló sì yẹ torí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni màmá ń pè mí. Mò ń sọ pé Theo wà níbi iṣẹ́ tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó òyìnbó ló ń fi pa mọ́ fún mi, àbí? Sọ fún un pé mo ti mọ̀ o, kó mú un wá kí n rí i."

Ẹ bá mi lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ 55. Ẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì ló kú. Òótọ́ ṣáà ni.

Ṣùbòmí


Súrùlérè
3 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Ṣùbòmí,

Kíkẹ́ ló ka lẹ́tà rẹ sí mi létí, nítorí ojú mi kò ríran mọ́ nígbà tí mo dé ìlà kejì. Ó ní láti pariwo rẹ̀. Gbogbo ilé ló gbọ́.

Má bá mi pín ẹ̀bi náà. Ìwọ dákẹ́ kí ojú má bàa tì mí. Èmi dákẹ́ kí ojú má bàa tì mí. Wo bí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ṣe jẹ́ tèmi nìkan. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí, "Mo ṣì í," kí n sì fún Kíkẹ́ kó yà á. Dípò rẹ̀, mo jẹun, mo sùn, mo ka ìwé ìròyìn, mo ń bínú pé o kò kí mi. Ọmọkùnrin náà sì wà lókè, ó ń ṣe ohun tí tíṣà rẹ̀ ní kó ṣe.

Èmi àti Solomon ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé la ń lọ. N kò lè ṣèlérí ohun tí o bẹ̀ mí.

Bàbá rẹ


Saskatoon
4 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín.

Tí ẹ bá sọ ọ́, ta lẹ máa ràn lọ́wọ́? Màmá kọ́. Ara yín lẹ fẹ́ fúyẹ́. Ẹ̀ ń wá ẹni tó máa jẹ yín níyà, ẹ sì fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn rán obìnrin tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ fi í sílẹ̀ kó lè sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọmọ àdúgbò ni Theo jẹ́ ní Muṣin. Ẹ ti dàgbà. Tí àwọn ọmọ àdúgbò bá gbá yín mú níbẹ̀, ta ló máa gbà yín sílẹ̀?

Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù tí màá bá wálé. Ẹ dúró dè mí. Tó bá di pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ká jọ sọ ọ́.

Ṣùbòmí


Súrùlérè
12 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Ṣùbòmí,

A ti lọ. N kò lè dúró dè ọ́. Ìyá kan kò gbọ́dọ̀ máa fi òkú ọmọ rẹ̀ ṣàwàdà nítorí pé èmi ń wá ẹni tó máa di ọwọ́ mi mú. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Èmi àti Solomon wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Ó ní òun ló máa sọ̀rọ̀, pé iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó, kí ewú orí mi wà níbẹ̀. Màmá Theo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Háà, Tíṣà! Wọ́n mà tún fi ẹ̀yin bẹ̀ mí! Nítorí ìyàwó òyìnbó náà ni? Ẹ sọ fún un pé mo ti gbà á. Ṣebí ènìyàn bíi tiwa náà ni." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Solomon. Ó dìde fúnra rẹ̀.

Solomon ní, "Màmá Theo, Theo ti ṣáájú wa."

Ó ní, "Ṣáájú wa lọ síbo?"

Solomon ní bàlúù rẹ̀ ló já lulẹ̀.

N kò ní kọ bó ṣe ké. Àwọn ará ilé tú jáde, Solomon sì ń tò wọ́n síta. Nígbà tó yá, ó ku èmi àti ìyá náà nínú yàrá. Ó bi mí pé kí ló ṣe bàlúù. Mo ní ẹ́ńjìnnì ló kú. Ibẹ̀ ni o ní kí n dúró sí, mo sì dúró díẹ̀ níbẹ̀, Ṣùbòmí, mo fẹ́ kí o mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ẹ́ńjìnnì lè kú kí ènìyàn má kú, pé iye kan wà tí ọmọ rẹ̀ gbára lé, pé èmi ni mo fún un, pé mo ṣì í.

Ó ní kò yé òun, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀?"

"N kò mọ̀ọ́mọ̀."

"Tíṣà, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe." Ó na ọwọ́ sí mi. Ó fẹ́ máa tù mí nínú. Obìnrin tí mo wá túfọ̀ fún!

N kò lè gba ọwọ́ náà. Mo ní, "Mo ti mọ̀ kó tó kú. Ó lé ní oṣù méjì tí mo ti mọ̀. N kò sọ."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Kí ló dé?"

Mo wá ohun tí mo lè sọ. N kò rí nǹkan kan ju òótọ́ lọ. Mo ní, "Ojú ń tì mí."

Ó ní, "Ṣùbòmí ńkọ́? Ó mọ̀?"

Mo ní o kò mọ̀. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa fún un nìyẹn. Bí o bá fẹ́ tú u nígbà tí o bá dé, n kò ní bá ọ wí. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi í sílẹ̀ fún mi, fi í sílẹ̀.

Mo dìde kí n máa lọ. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ẹ máa jókòó síbẹ̀ títí màá fi mọ ohun tí màá fi yín ṣe."

Mo jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ lójoojúmọ́. Òun ló ní kí n máa wá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ní kí wọ́n máa gbé àga mi sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, àwọn aránṣọ ń wá, àti àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n jọ bá Theo gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó. Wọ́n á kí i tán, wọ́n á yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wọ́n. Irú yín ṣọ̀wọ́n láyé yìí. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ní ìwé ló tún ń bá wọn ṣọ̀fọ̀ rẹ̀!" Ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ fún mi lánàá.

Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Solomon. Èmi fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ti la ẹnu níwájú gbogbo wọn. Ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún, ó ní wẹ́rẹ́ sí etí mi tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀, "Ẹ dákẹ́, Tíṣà. Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n dákẹ́."

Nísinsìnyí, nígbàkígbà tí àlejò bá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á yíjú, á tẹjú mọ́ mi, kò sì ní gbójú kúrò títí n ó fi sọ pé kò tó ọpẹ́.

Mo sì ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ